Ìjàpá Tó Jí Dìde: Ọkọ̀ Àtijọ́ Lọ́wọ́ Ẹni Tó Ti Fẹ̀yìntì

Ọ̀rọ̀ oko, ọ̀rọ̀ ilé kíkọ́ àti owó ilé-ìwé ọmọ la sábà máa ń sọ lójú ewé yìí. Lóṣù yìí, a fẹ́ yà bàrá díẹ̀. Ọ̀rọ̀ àwọn àgbà wa tó ti fẹ̀yìntì la fẹ́ sọ, àti ọ̀rọ̀ ọkọ̀ àtijọ́ tó dúró sábẹ́ igi lẹ́yìnkùlé ọ̀pọ̀ nínú wa. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín o. Owó wà nínú ọ̀rọ̀ náà, ìlera wà níbẹ̀, àlàáfíà ilé náà sì wà níbẹ̀.

Ẹni tó bá ti pé ẹni 60 ọdún lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, tàbí tó ti fi ọdún 35 sìn, wọ́n sábà máa ń ní kó máa lọ sinmi. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ irú ìsinmi wo? Lóṣù kìn-ín-ní, á sùn títí ilẹ̀ á fi mọ́ kedere. Lóṣù kejì, á ka ìwé ìròyìn láti ojú ewé àkọ́kọ́ dórí ìkéde òkú. Tó bá fi máa di oṣù kẹta, ó ti ń bá ìyàwó jà lórí iye iyọ̀ tó wà nínú ọbẹ̀. Àbí irọ́ la pa? Ara tó ti mọ iṣẹ́ lójoojúmọ́, bí iṣẹ́ bá kúrò níbẹ̀ lójijì, àárẹ̀ ló ń wọlé dípò rẹ̀.

Àwọn kan nínú wa ti rí nǹkan ṣe sí i, níbi tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò rò: nídìí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ Volkswagen, èyí tí tọmọdé tàgbà mọ̀ sí Ìjàpá.

IBI TÍ ÌJÀPÁ TI WÁ

Ferdinand Porsche ló ya àwòrán ọkọ̀ yìí ní Jámánì ní nǹkan bí 1934 sí 1938. Ìjọba Hitler ló fẹ́ kí wọ́n ṣe ọkọ̀ tí mẹ̀kúnnù yóò lè rà. Ẹ̀yin alájẹṣẹ́kù, ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe ní kí àwọn èèyàn san owó rẹ̀ o: díẹ̀díẹ̀ ni, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí wọ́n máa ra sítáǹbù, kí wọ́n máa lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ìwé kan. Bí ìwé bá kún, ọkọ̀ á dé. Ogun dé ní 1939, ilé-iṣẹ́ náà yí padà sí ti ogun, kò sì sí ọ̀kan nínú àwọn tó dá owó náà tó rí ọkọ̀ gbà. Ẹjọ́ ni wọ́n fi ọ̀pọ̀ ọdún rò. Ìgbà tó di 1961 ni ilé-iṣẹ́ náà tó gbà láti dín owó ọkọ̀ tuntun kù fún wọn. Ẹ̀kọ́ ńlá rèé fún wa. Owó tí ẹ bá ń dá síbì kan, ẹ máa bèèrè ìwé ìṣirò rẹ̀, kí ojú yín sì máa tó o.

Lẹ́yìn ogun, ọ̀gá ológun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Major Ivan Hirst, ló mú kí ilé-iṣẹ́ náà tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Wolfsburg ní 1945. Láti ibẹ̀ ni Ìjàpá ti tàn kárí ayé. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kejì 1972, iye tí wọ́n ti ṣe pé 15,007,034, ó sì kọjá ti Ford Model T tó ti wà nípò kìn-ín-ní láti ọjọ́ pípẹ́. Èyí tó kẹ́yìn jáde ní Puebla ní ilẹ̀ Mẹ́síkò ní ọjọ́ 30 oṣù Keje 2003. Àròpọ̀ gbogbo rẹ̀ jẹ́ 21,529,464. Ẹ ò rí i pé ìjàpá tí à ń fojú ẹlẹ́sẹ̀ wúwo wò ló kọjá Model T.

Nílé wa níbí ńkọ́? Ta ni kò mọ Ìjàpá? Ọkọ̀ tíṣà ni, ọkọ̀ nọ́ọ̀sì ni, ọkọ̀ akọ̀wé ìjọba ni. Nígbà tí owó Údọ́jì jáde ní 1975, àwọn kan fi ra alùpùpù, àwọn kan fi ra rédíò ńlá, àwọn kan sì fi ra Ìjàpá. Ọdún yẹn kan náà ni ilé-iṣẹ́ Volkswagen ti Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ ní Ọ̀jọ́, l'Ékòó. Ohun kan tún wà tí àwọn ọmọ ìsinsìnyí kò mọ̀: ọwọ́ òsì ni gbogbo ọkọ̀ ń gbà ní Nàìjíríà títí di ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin 1972, ọjọ́ tí a yí sí ọwọ́ ọ̀tún. Nítorí náà, bí ẹ bá rí Ìjàpá tí sítiárìn rẹ̀ wà lápá ọ̀tún, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ó ti wọ̀lú ṣáájú ọjọ́ náà. Ẹ kí i bí àgbà.

KÌ Í ṢE ÀWA NÌKAN

Ní Amẹ́ríkà, títún ọkọ̀ àtijọ́ ṣe ti di àṣà tó ní orúkọ tirẹ̀. Hot rod ni wọ́n ń pe irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ California ló sọ ọ́ di ńlá ṣáájú Ogun Àgbáyé Kejì. Wọ́n á ra Ford àlòkù, bóyá Model T tàbí èyí tó jáde ní 1932, wọ́n á tú mọ́gáàdì rẹ̀ dànù kó lè fúyẹ́, wọ́n á gbé ẹ́ńjìnnì alágbára sí i, wọ́n á sì lọ sáré lórí ilẹ̀ adágún gbígbẹ bíi Muroc. Ìwé ìròyìn Hot Rod bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní oṣù Kìn-ín-ní 1948. Ní 1951, Wally Parks dá ẹgbẹ́ National Hot Rod Association sílẹ̀, kí eré ìje lè kúrò lójú títì kó sì bọ́ sábẹ́ òfin. Ìjàpá pàápàá kò gbẹ́yìn níbẹ̀: ní àwọn ọdún 1960, Bruce Meyers bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ara tuntun lé ìdí Ìjàpá fún eré orí iyanrìn etí òkun.

Àwọn ọ̀dọ́ ìgbà yẹn ti darúgbó, ọ̀pọ̀ wọn ti lọ. Àwọn tó gba sípánà lọ́wọ́ wọn, tí àwọn náà ti fẹ̀yìntì, ló wà nídìí iṣẹ́ náà nínú gáréèjì wọn. Ìyàtọ̀ tó wà láàrin tiwọn àti tiwa kò pọ̀. Tiwọn, kí ọkọ̀ ṣáà ti sáré ni. Tiwa, kó lọ, kó sì bọ̀ ni.

Ọ̀RỌ̀ BÀBÁ TÍṢÀ

Láàrin àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa, àgbà kan wà tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Bàbá Tíṣà. Wọ́n ní ká má kọ orúkọ wọn, a ò sì ní kọ ọ́. Ọdún 35 ni wọ́n fi kọ́ ọmọ níwèé kí wọ́n tó fẹ̀yìntì ní 2019. Nígbà tí a lọ kí wọn, abẹ́ ọkọ̀ la bá wọn. Ẹsẹ̀ wọn nìkan la kọ́kọ́ rí.

Bàbá tó bí wọn lọ́mọ ló fi owó Údọ́jì ra Ìjàpá aláwọ̀ búlúù náà ní 1975. Inú rẹ̀ ni Bàbá Tíṣà ti kọ́ ọkọ̀ wíwà. Nígbà tí bàbá àgbà kú ní 1998, ọkọ̀ dúró sábẹ́ igi máńgòrò. Ọdún 21 ló fi wà níbẹ̀. Adìyẹ ń yé sórí ìjókòó ẹ̀yìn. Ewé máńgòrò jẹrà sí ojú ibi tí omi yẹ kó gbà jáde, ìpẹtà sì jẹ ilẹ̀ ọkọ̀ náà, pàápàá lábẹ́ ibi tí báátìrì máa ń jókòó sí, débi pé èèyàn lè jókòó sínú ọkọ̀ kó máa wo eèrà nísàlẹ̀.

Nígbà tí Bàbá sọ fún Ìyá pé àwọn fẹ́ jí i dìde, Ìyá wò wọ́n títí. "Bàbá wọn, òrùlé ilé wa ń jò, ẹ̀ ń wá òkú mọ́tò jí?" Bàbá kò jà. Wọ́n ní, "Òótọ́ lẹ sọ, Ìyá wọn. Ẹ jẹ́ ká kan páànù ná." Páànù ni wọ́n kọ́kọ́ kàn lóòótọ́. Ìgbà tí ìsémọ́lé kòrónà dé ní 2020, tí kò sẹ́ni tó lè lọ síbì kankan, ni Bàbá tó mú sípánà.

Ìpinnu méjì ni wọ́n ṣe, wọ́n sì kọ ọ́ sí ojú ewé kìn-ín-ní ìwé-ìkọ̀wé kan tí a fojú ara wa rí. Èkíní: owó ńlá tí wọ́n gbà lẹ́ẹ̀kan náà nígbà tí wọ́n fẹ̀yìntì, ọkọ̀ kò ní í fọwọ́ kàn án. Èkejì: nínú owó ìfẹ̀yìntì tó ń wọlé lóṣooṣù, ìdá kan nínú mẹ́wàá péré ni ti ọkọ̀. Oṣù tí ìdá náà kò bá tó ra nǹkan, ọkọ̀ á dúró de oṣù tó ń bọ̀. Gbogbo nǹkan tí wọ́n rà ló wà nínú ìwé náà, dórí nọ́ọ̀tì àti wáṣà.

Iṣẹ́ náà kò dán lákọ̀ọ́kọ́. Mẹkáníìkì tí wọ́n gbé ẹ́ńjìnnì fún ní ọ̀sẹ̀ méjì tó. Oṣù mẹ́ta kọjá. Ìgbà tí Bàbá débẹ̀, ẹ́ńjìnnì ti tú palẹ̀ sínú bẹ́séènì, kábúrétọ̀ tó bá ọkọ̀ wá láti Jámánì sì ti pòórá. Òmíràn tí kò bára mu ló wà níbẹ̀. Bàbá kò pariwo. Wọ́n háyà ọmọlanke, wọ́n kó gbogbo rẹ̀ délé.

Níbẹ̀ ni wọ́n ti rántí bàbá arúgbó kan ní òpópónà kejì, ẹni tó ti lé ní 70 ọdún, tó kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì lórí Ìjàpá látìgbà èwe rẹ̀. Ojú bàbá náà kò ríran dáadáa mọ́, ọwọ́ rẹ̀ sì ń gbọ̀n. Kò ní ọmọṣẹ́ kankan. Gbogbo ọmọ ìwòyí fẹ́ kọ́ ọkọ̀ tí wọ́n ń fi kọ̀ǹpútà yẹ̀ wò. Wọ́n bá jọ ṣe àdéhùn. Arúgbó á jókòó sórí àga lábẹ́ máńgòrò, á máa sọ̀rọ̀. Bàbá Tíṣà á máa fọwọ́ ṣe é. Ọmọ-ọmọ Bàbá Tíṣà, ọmọkùnrin ọdún 15, á máa kọ ohun tí wọ́n bá sọ sílẹ̀. Olùkọ́ tó fi ọdún 35 kọ́ ọmọ wá di akẹ́kọ̀ọ́ lójú ọmọ-ọmọ rẹ̀. Bí arúgbó bá gbọ́ ìró sípánà, á ní, "Tíṣà, ẹ ti fún un jù. Ẹ dá a padà díẹ̀." Ojú rẹ̀ kò rí i o, etí rẹ̀ ló gbọ́ ọ.

Ọdún 2021 ni ọ̀rọ̀ yí padà. Ìyá ṣàìsàn, dókítà ní iṣẹ́ abẹ ni. Bàbá pa ìwé ọkọ̀ dé. Fún oṣù márùn-ún gbáko, kò sẹ́ni tó mú sípánà. Ìdá kan nínú mẹ́wàá yẹn lọ sórí oògùn, Bàbá sì wá sọ́dọ̀ ẹgbẹ́ láti yá owó tó kù. Nítorí pé wọn ò jẹ ẹgbẹ́ ní gbèsè kankan, tí owó ìpín wọn sì wà ní pípé, kíákíá ni ìgbìmọ̀ buwọ́ lu ìwé ẹ̀yáwó náà. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà, ó sì yọrí sí rere.

Ẹ jẹ́ ká dúró níbẹ̀ díẹ̀. Ká ní Bàbá ti yá owó ẹgbẹ́ torí ọkọ̀ ní 2020 ńkọ́? Gbèsè yẹn ò tíì tán. Kí ni wọn ì bá mú wá síwájú ìgbìmọ̀ lọ́jọ́ tí ẹ̀mí Ìyá wà lórí tábìlì? Ohun tí a ní kí ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan rò nìyẹn kó tó fọwọ́ sí ìwé ẹ̀yáwó nítorí ohun ìgbádùn.

Ìyá fúnra wọn ló ní kí iṣẹ́ máa lọ. Bí ara wọn ṣe ń yá, tí wọ́n ń jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ní, "Bàbá wọn, ẹ ti jókòó tì mí tó. Ẹ lọ máa tún mọ́tò yín ṣe. Ariwo yín yẹn ló ń jẹ́ kí n mọ̀ pé ilé kún." Wẹ́dà fi irin tuntun dí ilẹ̀ ọkọ̀. Páńtà kùn ún ní búlúù. Rẹwáyà tú gbogbo wáyà tí eku ti jẹ, ó fi tuntun sí i. Ní oṣù Kejìlá 2022, arúgbó jókòó sórí àga rẹ̀, ọmọ-ọmọ yí kọ́kọ́rọ́. Ó kọ́ ní ẹ̀ẹ̀kíní, ó kọ́ ní ẹ̀ẹ̀kejì. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ohùn tí gbogbo àdúgbò ti gbàgbé dún. Àwọn tó jẹ́ ẹgbẹ́ bàbá àgbà tó ti kú jáde síta wá wò ó.

OHUN TÓ YẸ KÍ Ẹ MỌ̀ NÍPA ẸŃJÌNNÌ RẸ̀

A mú díẹ̀ nínú ẹ̀kọ́ arúgbó náà wá fún yín, ẹ̀yin tí ẹ ní Ìjàpá nílé.

Ẹ́ńjìnnì Ìjàpá wà lẹ́yìn, búùtù rẹ̀ ló wà níwájú. Kò ní radiétọ̀, kò sì lo omi. Afẹ́fẹ́ ni fáànù ńlá kan ń fẹ́ sí i lára. Sílíńdà mẹ́rin ló ní, méjì lọ́tùn-ún, méjì lósì, gbogbo wọn dùbúlẹ̀ kọjú síta. Bẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ló ń bá dáínámò àti fáànù yí. Nítorí náà, bí iná pupa bá tàn níwájú yín lójú ọ̀nà, ẹ pa ọkọ̀ lójú ẹsẹ̀, kí ẹ lọ wo bẹ́ẹ̀tì náà. Tó bá ti já, afẹ́fẹ́ kò sí mọ́ nìyẹn. Ẹni tó bá ní òun á rọra wà á délé, ẹ́ńjìnnì tuntun ni yóò rà.

Àwọn páànù pẹlẹbẹ tó yí ẹ́ńjìnnì ká ńkọ́? Àwọn mẹkáníìkì kan máa ń tú wọn sọnù, wọ́n á ní ẹrù lásán ni. Ẹ má gbà fún wọn. Páànù wọ̀nyẹn ló ń darí afẹ́fẹ́ tútù sórí sílíńdà, àwọn náà ni kì í jẹ́ kí ooru ìsàlẹ̀ tún padà sókè. Nínú àwọn Ìjàpá tó jáde ṣáájú 1971, sílíńdà kẹta ló máa ń gbóná jù, torí pé ohun tó ń mú ọ́ìlì tutù dúró sójú ọ̀nà afẹ́fẹ́ rẹ̀. Nínú oòrùn ilẹ̀ wa níbí, ọ̀rọ̀ páànù kì í ṣe kékeré.

Ọ́ìlì tó ń lò kò ju lítà méjì ààbọ̀ lọ. Kò ní fílítà bíi ti ọkọ̀ òde òní, asẹ́ kékeré kan ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ máa pààrọ̀ ọ́ìlì ní gbogbo kìlómítà 5,000, kí ẹ sì fi kẹrosíìnì fọ asẹ́ náà. Tápẹ́ẹ̀tì, àárọ̀ kùtù ni kí ẹ sẹ́ẹ̀tì rẹ̀, nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù pátápátá. Àlàfo mílímítà 0.15 ni fún ọ̀pọ̀ nínú àwọn 1300 àti 1500. Kọ́ńtáàtì inú dísíríbútọ̀, mílímítà 0.4. Bí iná ṣe ń tò lé ara wọn nínú sílíńdà ni 1, 4, 3, 2. Tí ẹ bá ní láti sọ ẹ́ńjìnnì kalẹ̀, ẹ má bẹ̀rù: bóòtù mẹ́rin péré ló so ó mọ́ gíà. Arúgbó ní láyé àtijọ́, àwọn á ti sọ ọ́ kalẹ̀ kí ẹni tó ni ọkọ̀ tó jẹ ẹ̀bà rẹ̀ tán.

IBI TÍ EWU WÀ

Ọkọ̀ àtijọ́ kì í ṣe ohun ìṣeré ọmọdé. Ẹ fara balẹ̀ ka eléyìí.

Iná ni ọ̀tá Ìjàpá. Rọ́bà tí pẹtiróòlù ń gbà kọjá lórí ẹ́ńjìnnì máa ń gbó, á sán, pẹtiróòlù á sì máa kán sórí ohun gbígbóná. Ẹ pààrọ̀ gbogbo rọ́bà náà kí ẹ tó ṣí ọkọ̀ rárá, kí ẹ sì so ó pa dáadáa. Irin tí wọ́n fi ṣe ìkarahun ẹ́ńjìnnì náà ní magnesium nínú. Tó bá ti gbiná, omi kò lè pa á, ńṣe ni yóò tún máa bú sí i. Ohun ìpaná oníyẹ̀fun ni kó wà nínú ọkọ̀ nígbà gbogbo, kí ẹ sì lò ó kí iná tó dé ibẹ̀.

Báátìrì wà lábẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn. Bí ẹni tó sanra bá jókòó, sípíríǹgì ìjókòó lè kan orí báátìrì, iná á sì ṣẹ́. Ẹ fi ìdérí bo báátìrì náà.

Bíréèkì tó ti dúró fún ọdún mẹ́wàá, ẹ má gbára lé e. Ẹ pààrọ̀ rọ́bà rẹ̀ àti omi inú rẹ̀. Ẹ má fẹnu fẹ́ eruku inú bíréèkì àtijọ́. Asibẹ́sítọ́ọ̀sì máa ń wà nínú rẹ̀, ó sì ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Ẹ fi omi rẹ̀ ẹ́ kí ẹ tó nù ún. Ẹ má sì fẹnu fa pẹtiróòlù.

Ní ti táyà, ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá rí 2319, ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Táyà tòkunbọ̀ tó ń dán lójú lè ti pé ọdún mẹ́wàá.

Lákòótán, ẹni kankan kò gbọdọ̀ wọ abẹ́ ọkọ̀ tó jẹ́ pé jáàkì nìkan ló gbé e dúró. Ẹ wá igi líle tàbí irin tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́. Àgbàlagbà tí mọ́tò tẹ̀ kò ní í rí owó ìfẹ̀yìntì jẹ.

OWÓ ŃKỌ́?

Ẹ rántí ohun tí wọ́n bi Alábahun Ìjàpá nígbà tó ń lọ sírìn-àjò. Wọ́n ní ìgbà wo ni yóò dé, ó ní ó di ìgbà tí òun bá tẹ́. Kí ìrìn-àjò tiwa má rí bẹ́ẹ̀ o. Ìmọ̀ràn wa rèé:

1. Ẹ má fi owó ńlá tí ẹ gbà lọ́jọ́ ìfẹ̀yìntì tún ọkọ̀ ṣe. Owó oúnjẹ ọjọ́ alẹ́ nìyẹn.

2. Ẹ pinnu iye tí yóò máa jáde lóṣù, kí ẹ má sì kọjá rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà.

3. Ẹ jẹ́ kí ìyàwó tàbí ọkọ yín mọ̀ sí i láti ìbẹ̀rẹ̀. Ohun tí ilé bá nílò ju ọkọ̀ lọ, òun ni kó ṣáájú.

4. Ẹ má gbé gbogbo owó fún mẹkáníìkì ṣáájú iṣẹ́. Ẹ ra páátì fúnra yín ní ọjà bíi Ládípọ̀ ní Múṣin, kí ẹ mú èyí tó bàjẹ́ dání láti fi wé e. Èyí tí ẹ bá tú, ẹ kó o pamọ́ sínú agolo, kí ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sí i lára.

5. Kí ẹ tó gbé ọkọ̀ sójú títì, ẹ sọ ìwé rẹ̀ dọ̀tun: láísẹ́ǹsì, ìwé ìyẹ̀wò àti ìnṣọ́ọ̀ránsì. Ọkọ̀ tí sítiárìn rẹ̀ wà lápá ọ̀tún, ẹ kọ́kọ́ bèèrè ohun tí òfin wí lọ́wọ́ àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó.

Àwọn kan á bi wá pé, ṣé kò sàn ká ta irin rẹ̀ fún àwọn tó ń ra irin àlòkù? Tí ìpẹtà bá ti jẹ egungun ìdí rẹ̀ tán, bẹ́ẹ̀ ni, ó sàn. Tí ó bá jẹ́ pé torí èrè lẹ fẹ́ tún un ṣe, ẹ má bẹ̀rẹ̀. Owó tó wọ inú ọkọ̀ àtijọ́, ẹni tó máa rà á kì í sábà san án padà. Ohun tí ẹ̀ ń rà níbẹ̀ ni iṣẹ́ ọwọ́ òwúrọ̀, ọgbọ́n, àti ìdí tí ọmọ-ọmọ yín á fi jókòó tì yín fún wákàtí mẹ́ta láìmú fóònù.

ÌGBÁDÙN RẸ̀

Ní ìparí oṣù Karùn-ún 2023, ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo. Pẹtiróòlù tí kò tó 200 náírà fún lítà kan ní ilé epo ìjọba fò kọjá 480 láàrin ọjọ́ díẹ̀. Bàbá Tíṣà ṣí ìwé wọn, wọ́n ṣe ìṣirò, wọ́n sì dín ìrìn kù sí ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀: ọjọ́ ọjà Ìyá àti ọjọ́ Àìkú. Wọ́n ní àwọn kò rò ó pé ó dín ìgbádùn kù. Ọjọ́ mẹ́rin lọ́sẹ̀ wà fún yíyẹ̀ ẹ́ wò, ọjọ́ kan wà fún fífọ̀ ọ́.

Kì í sáré ju kìlómítà 70 lọ ní wákàtí kan, ìyẹn sì tó. Ìyá á kó iṣu sí iwájú, àwọn ọmọ ọlọ́jà á máa bèèrè ìdí tí wọ́n fi ń kó iṣu sórí ẹ́ńjìnnì. Níbi tí wọ́n bá dúró sí, ẹnìkan á wá, á ní, "Irú èyí ni bàbá mi ní." Ìtàn á bẹ̀rẹ̀. Bàbá Tíṣà sọ fún wa pé láti ìgbà tí ọkọ̀ ti ń rìn, àwọn ti mọ àwọn aládùúgbò tí àwọn kò mọ̀ rí láti ọdún 20.

Arúgbó mẹkáníìkì náà ṣì ń wá jókòó lábẹ́ máńgòrò. Àwọn ọmọ mẹ́ta ló ti wà lọ́dọ̀ rẹ̀ báyìí, ọmọ-ọmọ Bàbá Tíṣà ni olórí wọn. Ní àná tí a wí yìí, kò ní ọmọṣẹ́ kankan. Ẹni méjì nínú ìlú ti gbé Ìjàpá tiwọn náà wá. Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Ọgbọ́n tí ì bá bá arúgbó náà lọ ti rí ibòmíràn dúró sí.

Ẹ̀yin tí ọkọ̀ yín ṣì wà lábẹ́ igi, ẹ lọ wò ó lọ́la. Ẹ gbá ewé kúrò lórí rẹ̀, ẹ lé adìyẹ jáde, kí ẹ fi òòlù kékeré kan ilẹ̀ rẹ̀ kẹ́ ẹ gbọ́ ohun tó máa sọ. Ẹni tó bá fẹ́ rí ìwé Bàbá Tíṣà, kó sọ fún akọ̀wé ẹgbẹ́ lọ́jọ́ ìpàdé. Wọ́n ti gbà pé kí a máa fi hàn. Ẹni tó bá sì ní Ìjàpá, tí kò ní agbára, kó bá ẹni tó ní agbára tí kò ní Ìjàpá sọ̀rọ̀. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, ìdí nìyẹn tí a fi jẹ́ ẹgbẹ́.

Kí Ọlọ́run jẹ́ ká fi ìlera jẹ owó ìfẹ̀yìntì wa pẹ́. Àmín. Ó doṣù tó ń bọ̀ o.